Rídúsà: bí a ṣe ń mú kí ẹ̀rọ ìránṣọ rọra, kó sì lágbára láti gún awọ

Bí télọ̀ bá rán aṣọ gba ibi tí kò yẹ, yóò tú u, yóò wọ́n omi sí i, yóò fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ihò abẹ́rẹ́ a sì pa dé. Awọ ò rí bẹ́ẹ̀. Ihò tí abẹ́rẹ́ bá ti lu sí i lára, ó ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ oníná sí ìsọ̀ mi ní Àjílósùn, níbí l'Ádó-Èkìtì, mo ń rán ìbòrí báàgì kan fún oníbàárà. Igun kan ṣoṣo ló kù. Mo kan fẹsẹ̀ kan pẹ́dà báyìí, ẹ̀rọ ti ré igun kọjá, ó ti lu ihò mẹ́jọ síbi tí ihò ò gbọdọ̀ sí. Awọ tí mo lọ rà ní Mushin, tí mo fọwọ́ ara mi gé, tí mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí mo ti fi hámà lù kó tẹ́, kò wúlò mọ́. Mo jókòó tì í, n ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ mi ni mo kọ́kọ́ bá wí, àmọ́ mọ́tò ló lẹ̀bi. Rídúsà, irin onípúlì méjì tó ń dín eré mọ́tò kù, ló wá yanjú rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá ni mọ́tò kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó wúwo tó so rọ̀ sábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá ti tan súìṣì, ó ti ń yí nìyẹn, tó ń hó, yálà ẹ ń ránṣọ tàbí ẹ ò rán. Lórí iná ilẹ̀ wa tó jẹ́ 50 Hz, nọ́ńbà tí ẹ óò bá lára páálí irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn kì í jìnnà sí 1425 tàbí 2850. Iye ìgbà tí mọ́tò ń yí po láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Pẹ́dà kì í sọ fún un pé kó rọra. Iṣẹ́ pẹ́dà ni pé kó mú àwo méjì pàdé ara wọn, bíi kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà. Bí wọ́n bá ti gbá ara wọn mú, gbogbo eré mọ́tò ti dé orí ẹ̀rọ. Àwọn àgbà iṣẹ́ wà tí ẹsẹ̀ wọn mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí àwo méjèèjì máa họ ara wọn díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀rọ á máa rìn bí ìgbín. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò sì ní awọ tí yóò máa bàjẹ́ fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ wọn ìbú púlì (wíìlì kékeré tí bẹ́líìtì ń gbà lórí) tó wà lára mọ́tò, ẹ wọn ti wíìlì ọwọ́ tó wà lára ẹ̀rọ lókè. Ẹ mú nọ́ńbà mọ́tò, ẹ fi ìbú púlì mọ́tò sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìbú wíìlì pín in. Ohun tó bá jáde ni iye ojú òwú tí ẹ̀rọ yóò rán ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní mọ́tò 1425 ni, tí púlì àti wíìlì sì jẹ́ mílímítà 90 lọ́kọ̀ọ̀kan: 1425 náà ni yóò jáde, bí ojú òwú 24 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ojú kan bá gùn tó mílímítà 3, ẹ̀rọ ti jẹ awọ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 7 kí ẹ tó sẹ́jú. Ta ló fẹ́ rí igun dá dúró sí níbẹ̀?

Eré yìí ń ba òwú náà jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ń sáré wọ awọ tó nípọn, tó ń sáré jáde, ara rẹ̀ á gbóná. Gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ awọ á yọ́, á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ á wá máa fo ojú. Òwú náìlọ́nù kò le ju iná lọ. Ní bíi 260 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni ó ń yọ́, kó tó dé ibẹ̀ sì ni yóò ti rọ̀ tí yóò já. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ òwú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan tó ń bú ẹni tó ta òwú, tó sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló gbóná.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ rò ni régúlétọ̀ fáànù. Bí ó bá lè mú fáànù rọra, ṣé kò ní lè mú mọ́tò ẹ̀rọ rọra ni? Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Régúlétọ̀ ń dín iná kù ni, bí iná bá sì ti dín kù, agbára mọ́tò náà ti lọ. Mọ́tò kílọ́ọ̀ṣì á kàn máa kùn bí oyin, kò ní lè dé eré tirẹ̀, kapásítọ̀ rẹ̀ á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á jó. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wé wáyà mọ́tò ni tèmi parí sí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà wà gan-an. Awọ ń fẹ́ ẹ̀rọ tó rọra, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹ̀rọ tí kò lágbára. Awa ará Èkìtì ló yẹ kí èyí tètè yé, nítorí òkè la fi ṣe ilé. Ẹ wo ọ̀kadà tó gbé èèyàn méjì tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Nígbà tí òkè bá dojú kọ ọ́, ọlọ́kadà kì í dín epo kù. Jíà ló ń já wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń sáré nínú, táyà ló ń rọra yí, agbára tí táyà fi ń yí sì ti di ìlọ́po. Bó bá jẹ́ pé epo ló dín kù lórí jíà gíga, ọ̀kadà á kú sáàárín òkè. Régúlétọ̀ fáànù ni dídín epo kù. Rídúsà ni jíà kìn-ín-ní.

Ohun tí rídúsà jẹ́ kò ṣòro rárá. Ọ̀pá irin kan ni, tó dúró lórí bíárìn méjì, tí púlì méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ó máa ń wà lábẹ́ tábìlì, láàárín mọ́tò àti ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì kan ti ara mọ́tò wá sórí púlì ńlá, bẹ́líìtì kejì ti ara púlì kékeré gòkè lọ sí wíìlì ọwọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ní púlì mílímítà 150 àti 50, nítorí náà ó ń pín eré sí mẹ́ta. Bí ẹ bá tún ti yọ púlì mọ́tò 90 yẹn kúrò, tí ẹ fi 45 síbẹ̀, eré ti kọ́kọ́ di ìdajì. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: 1425 di 427 lórí púlì ńlá, 427 di nǹkan bí 237 lórí wíìlì. Ojú òwú 24 ti di mẹ́rin nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́rin, ojú lè kà á. Agbára tí abẹ́rẹ́ fi ń wọ awọ sì ti di bí ìlọ́po mẹ́fà, àfi díẹ̀ tí bẹ́líìtì àti bíárìn máa jẹ níbẹ̀.

Tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ irin ni mo ti ní kí wọ́n gbẹ́ púlì méjèèjì. Bíárìn 6203 méjì ni mo rà, èyí tí ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 17, wẹ́dà sì bá mi jó irin tó gbé e dúró. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé n ò jẹ́ kí púlì àti wíìlì tò gbọọrọ lórí ìlà kan. Bẹ́líìtì ń jẹ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì já láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ na okùn tín-ín-rín láti ọ̀kan dé èkejì kí wẹ́dà tó jó irin pa. Kí bẹ́líìtì má sì le gan-gan: bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ láàárín, ó yẹ kó wọlé tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ kan nǹkan bò ó pẹ̀lú. Ìka ọmọ àti etí ìró kì í bá bẹ́líìtì ṣeré.

Mọ́tò tuntun tí wọ́n ń pè ní sẹ́fò wà báyìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kì í yí àfi bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, ẹ lè fi bọ́tìnnì sọ ibi tí eré rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá, kì í sì pariwo. Ní ìlú tí a ti ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣiṣẹ́, èrè rẹ̀ ò kéré: mọ́tò kílọ́ọ̀ṣì máa ń fa iná tó tó ìlọ́po bíi márùn-ún èyí tó ń fà bó bá ti ń yí tán, nígbà tó bá ń gbéra, ó sì lè mú kí jẹnẹrétọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tàn yín pé ó ti parí gbogbo iṣẹ́. Àwọn tí kò wọ́n lára sẹ́fò kì í lágbára nígbà tí wọ́n bá ń yí jẹ́jẹ́. Wọ́n á dé ibi tí awọ ti nípọn, wọ́n á dúró. Ẹni tó ń rán bẹ́líìtì ìbàdí tàbí okùn báàgì, kó so sẹ́fò mọ́ rídúsà. Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn jà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo páálí irin ara rẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá jẹ́ 110 V, iná wa á sun ún.

Ó ní ohun kan tí ẹ̀rọ tó rọra ń fẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń sáré ò fẹ́: òróró látọwọ́ yín. Àwọn ẹ̀rọ tó ní àwo òróró nísàlẹ̀, eré wọn ló ń fa òróró gòkè. Nígbà tí ẹ bá ti mú un rọra, òróró lè má dókè mọ́. Ẹ máa kán an sí i lọ́wọ́ láràárọ̀.

Abẹ́rẹ́ àti òwú, ṣókí ni. Nọ́ńbà ńlá tó wà lára abẹ́rẹ́ ni ìbú rẹ̀, 110 jẹ́ mílímítà 1.1. Tex ni òṣùwọ̀n bí òwú ṣe nípọn tó. Fún òwú Tex 70, 110 tó. Fún Tex 135, ẹ gòkè lọ sí 125 tàbí 140. Ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ ní ojú bí ọ̀bẹ, tí wọ́n ṣe fún awọ. Ẹ má rán ojú tó há: mílímítà 3 sí 4 dára, nítorí ihò tó bá sún mọ́ra jù, awọ á ya níbẹ̀ bíi sítáǹpù ìwé.

Kí ẹ tó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ pa súìṣì, kí ẹ sì dúró. Mọ́tò kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti lọ, bí ẹsẹ̀ bá sì kan pẹ́dà nígbà náà, abẹ́rẹ́ á sọ̀kalẹ̀. Mo máa ń ní kí ọmọṣẹ́ mi tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó bá ti pa á, kó fi gbọ́ pé ó ti dákẹ́ pátápátá, kó tó mú ọwọ́ sún mọ́ ọn.

Ní ti igun tó ba báàgì mi jẹ́ lọ́jọ́sí, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Bí ó bá ku ojú mẹ́ta, mo ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, mo ń fi ọwọ́ yí wíìlì wá sọ́dọ̀ ara mi, ojú kan, ojú kejì. Ní ìkẹta, mo jẹ́ kí abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kó tún gòkè bí ìwọ̀n mílímítà méjì, kí húùkù nísàlẹ̀ ti gbá òwú mú. Ìgbà náà ni mo ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, tí mo yí awọ, tí mo sọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, tí mo sì tún tẹ pẹ́dà.