Bí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà àti ajílẹ̀ abẹ̀mí ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́sẹ̀ igi èso kékeré

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára àpò NPK 15-15-15, ìyẹn ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀táṣíọ́ọ̀mù, ni ti náítírójìn: nínú àpò 50 kg, 7.5 kg ni. Ajílẹ̀ abẹ̀mí kò ní irú ìṣirò yìí. Bakitéríà àtàwọn ẹ̀dá tíntìntín mìíràn ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sùn sínú ìyẹ̀fun tàbí omi, tí wọ́n ń retí ọ̀rinrin àti gbòǹgbò. Oúnjẹ ni ti àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ni ti èkejì. Ẹni tó bá ka méjèèjì sí oúnjẹ á kàn dà wọ́n pọ̀ ni, owó rẹ̀ á sì wọlẹ̀.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ kúrò nínú ọ̀rá kò tíì ní gbòǹgbò tó ju ọ̀rá náà lọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi ajílẹ̀ sí i, púpọ̀ nínú náítírójìn á ṣàn kọjá rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Òdìkejì èyí ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì: kì í rìn. Nínú ilẹ̀ kíkan, irin àti alumíníọ́ọ̀mù á dì í mú; nínú ilẹ̀ tó kún fún ẹfun, kálísíọ́ọ̀mù ni. Ó wà nílẹ̀, àmọ́ igi ò rí i jẹ.

Ibí yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti wúlò. Àwọn bakitéríà kan nínú ẹ̀yà Bacillus àti Pseudomonas máa ń tu ásíìdì jáde, èyí tó ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀. Bakitéríà mìíràn, Azotobacter, ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. (Rhizobium, bakitéríà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ti ẹ̀wà àti ẹbí rẹ̀ ni, kò wúlò fún ọsàn tàbí máńgòrò.) Èyí tó wù mí jù ni mycorrhiza, ìbátan olú tó ń hù lára kùkùté, tó ń gbé inú gbòǹgbò, tó sì ń na okùn tó tín ju irun gbòǹgbò lọ jáde sínú iyẹ̀pẹ̀. Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ihò tí gbòǹgbò ò lè wọ̀, okùn yìí wọ̀ ọ́. Ṣúgà tí ewé ṣe ni igi fi ń sanwó iṣẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó fún ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti pọ̀ nílẹ̀, igi kì í fẹ́ gba mycorrhiza láyè mọ́. Azotobacter náà, agbára tó ń ná láti mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ pọ̀, nítorí náà bí amóníà, irú náítírójìn kan tó ń wá láti inú ajílẹ̀, bá wà nítòsí, á fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dín ajílẹ̀ oníkẹ́míkà kù. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye àtẹ̀yìnwá dára láti fi bẹ̀rẹ̀, kí èèyàn wo ewé kó tó dín in sí i. Yíyọ ọ́ kúrò pátápátá ni mi ò fara mọ́, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ yìí nílò ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀, ebi ò sì ní dúró de igi.

Lọ́jọ́ gbígbìn, ara gbòǹgbò tútù gan-an ni wọ́n ń fi ajílẹ̀ abẹ̀mí pa. NPK ò gbọdọ̀ bá a wọ ihò kan náà: bí iyọ̀ ṣe ń fa omi ara ìgbín ló ṣe máa fa ti bakitéríà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n wọ́n ti oníkẹ́míkà yí igi ká níbi tí òjìji ewé parí sí, kó jìnnà sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó, torí bí yúríà, irú náítírójìn kan tó máa ń wà nínú ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, bá wà lókè ilẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ lè di afẹ́fẹ́ lọ.

Oòrùn lè pa àwọn ẹ̀dá inú páálí ajílẹ̀ abẹ̀mí kó tó délé, àwọ̀ ìyẹ̀fun náà ò sì ní yí padà. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kí àgbẹ̀ fi igi mélòó kan sílẹ̀ láìfi ajílẹ̀ abẹ̀mí sí i, kó fún wọn ní iye NPK kan náà bíi ti ìyókù, kó sì máa fi okùn wọn ìdí gbogbo wọn lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.