Bọ́ọ̀sì dísẹ́ẹ̀lì tí kò fà mọ́: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọ̀nà èéfín ló dí

Bọ́ọ̀sì náà ń sitáàtì dáadáa, kò gbọ̀n lórí sílò, àmọ́ bó bá ti kan òkè, ó tán. Dírẹ́bà á tẹ iná títí ẹsẹ̀ á fi kan ilẹ̀, ọwọ́ géèjì tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì (RPM) ò ní kọjá 2,500. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní tọ́bò ti lọ. Owó tọ́bò kì í sì í ṣe owó kékeré, nítorí náà ibi tí èéfín ń gbà jáde ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà nínú tọ́bò, orí irin kan náà ni wọ́n jókòó sí. Èéfín gbígbóná ń yí ọ̀kan, èkejì ń fa afẹ́fẹ́, ó ń rọ́ ọ sínú ẹ́ńjìnì. Bí agbára èéfín ṣe pọ̀ ṣáájú abẹ̀bẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa yí tó. Bí páìpù bá dí lẹ́yìn, agbára ibẹ̀ á ga, abẹ̀bẹ̀ á rọra máa yí, afẹ́fẹ́ ò ní tó dísẹ́ẹ̀lì mọ́, èéfín dúdú á bẹ̀rẹ̀. Tọ́bò ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn dí i nímú ni.

Nínú àwọn tòkúnbọ̀ láti Yúróòpù, DPF, ìyẹn asẹ́ inú páìpù èéfín, ló sábà máa ń dí. Ó ń gba èédú inú èéfín sílẹ̀, ó sì ń jó o dànù nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 600°C. Ọkọ̀ tó ń lo gbogbo ọjọ́ nínú gó-sìló, níbo ló ti fẹ́ rí ooru yẹn? Eérú tó ń wá láti inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kì í tiẹ̀ jó rárá.

Sẹ́ńsọ̀ DPF, tó ń wọn ìyàtọ̀ agbára èéfín ní iwájú àti ẹ̀yìn asẹ́ náà, ní họ́ọ̀sì tín-ín-rín méjì, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnì bá wà ní pípa tí kọ́kọ́rọ́ wà ní títan, òdo ló yẹ kí ẹ̀rọ síkáànù fi hàn. Bí kì í bá ṣe òdo, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ ń pa. Ẹ fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì méjèèjì pẹ̀lú: ooru máa ń mú kí wọ́n le gbagidi, kí wọ́n sì sán. Bí ti iwájú bá sán, nọ́ńbà á kéré, á dà bíi pé kò sí ìyọnu, nígbà tí DPF ti kún dẹ́nu.

Àmọ́ DPF nìkan ni sẹ́ńsọ̀ yìí rí. Páìpù onípele méjì lè wó nínú kí ìta rẹ̀ ṣì máa dán. Èyí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Fún ìyẹn, wọ́n á yọ sẹ́ńsọ̀ ooru tó wà ṣáájú DPF, wọ́n á fi géèjì prẹ́ṣọ̀ sí ojú ihò rẹ̀. Bí kò bá sí géèjì, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, kí wọ́n tú bóòtì páìpù tó wà lẹ́yìn tọ́bò, kí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ náà jáde díẹ̀. Ariwo á pọ̀, ooru á máa fẹ́ síta, nítorí náà kí wáyà àti họ́ọ̀sì epo má wà nítòsí, kí wọ́n má sì ṣe é nínú ilé: èéfín yẹn ń pani. Bí ọkọ̀ bá fà bíi tàná, ọ̀nà èéfín ló dí. Bí kò bá fà, kí wọ́n dá bóòtì padà, kí wọ́n lọ wo họ́ọ̀sì intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) àti fílítà dísẹ́ẹ̀lì.

Bó bá jẹ́ DPF, kí wọ́n yẹ nọ́súlù, ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì, wò kí wọ́n tó ra DPF mìíràn. Nọ́súlù tó ń jò á tún dí DPF tuntun.