Prójẹ́ẹ̀tì gurúùpù fáwọn ọmọ software engineering: àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Bí wọ́n bá ti pín àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà sí gurúùpù báyìí, fóònù mi ò ní sinmi mọ́. Àwọn àbúrò wa tó ń ti Ìkòròdú níbí lọ sí yunifásítì, àwọn tó ń gbé ní Sábó, àwọn ti Odógunyán, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: kí ló dé tó jẹ́ pé àwa èèyàn mẹ́rin tá a mọ kóòdù kọ dáadáa, tá a bá ti dara pọ̀ tán, nǹkan á wá dàrú? Mo kó àwọn ìbéèrè tó ṣe kókó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bó ṣe rí lọ́kàn mi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí kálukú ṣe tiẹ̀? Èmi nìkan lè kọ áàpù yìí tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìdáhùn: Mo gbà pé o lè kọ ọ́ tán. Àmọ́ kóòsì mìíì wà tí wọ́n ti kọ́ ẹ ní kóòdù kíkọ, ti èyí yàtọ̀. Lọ́dún 1968, àjọ NATO kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà jọ sí ìlú Garmisch ní Jámánì, ibẹ̀ ni orúkọ software engineering, ìyẹn ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣètò iṣẹ́ sọ́fítíwíà, ti gbajúmọ̀, ohun tó sì kó wọn jọ ni pé iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńláńlá ń pẹ́ kọjá àdéhùn, owó tó ń jẹ ń ju èyí tí wọ́n dá lé e lọ, tí wọ́n bá sì ṣe é tán kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í ṣe òpè o. Iṣẹ́ yẹn ló ti tóbi ju ohun tí orí èèyàn kan lè gbé lọ, tó bá sì ti di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ orí, ibi tí iṣẹ́ ẹnì kan ti pàdé ti ẹlòmíì ni wàhálà máa ń wà. Ibẹ̀ gan-an ni lẹ́kítọ́rà yín fẹ́ kẹ́ ẹ dé.

Ẹ jẹ́ ká mú áàpù tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, láti Èbúté lọ sí CMS. Ẹnì kan ń ṣe ojú ìwé tí èrò á fi wọlé, ẹnì kejì ń ṣe dátábéèsì, ìyẹn ibi tí áàpù ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí. Ẹni tó ń ṣe dátábéèsì wò ó pé nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà náà ni, ó bá fi pa mọ́ bí èèyàn ṣe ń fi iye owó pa mọ́, kọ̀ǹpútà ò sì ń tọ́jú òdo tó bá wà níwájú nọ́ńbà, ni 0803 bá di 803. Ẹni tó ń ṣe ojú ìwé fi tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ lásán, òdo ẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Kálukú dán tiẹ̀ wò, ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n so ó pọ̀, kò sí èrò kan tó lè wọlé, torí ohun tó tẹ̀ àti ohun tó wà nípamọ́ ò bára mu. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló kọ kóòdù tí ò dáa? Kò sí. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọn ò bára wọn sọ ló fà á. Déètì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹnì kan kọ 03/04, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lòun ń wí, ẹnì kejì kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, báwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́.

Torí náà, tó bá jẹ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lẹ máa gbà lọ́wọ́ mi, òun rèé: ẹ má fi síso pọ̀ di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti so nǹkan pọ̀, kódà kó jẹ́ bọ́tìnì kan péré tó lọ dé dátábéèsì tó sì gbé "Ẹ káàbọ̀" padà wá. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa so ó pọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ.

Ìbéèrè: Mẹ́rin péré la wà. Ṣé tí lẹ́kítọ́rà bá fi èèyàn kún wa, iṣẹ́ ò ní yá sí i?

Ìdáhùn: Kò dájú o, tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, ó lè túbọ̀ pẹ́ ni. Fred Brooks, ọkùnrin tó darí iṣẹ́ OS/360, sọ́fítíwíà ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ IBM, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1975 pé tí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́, téèyàn bá tún kó òṣìṣẹ́ lé e, pípẹ́ lá máa pẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá ń bó ẹ̀gúsí, èèyàn mẹ́wàá lè yí igbá kan ká, kálukú á máa bó tiẹ̀ láìbi ẹnì kankan ní nǹkan kan, kíá ló máa tán. Sọ́fítíwíà ò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ bá iṣẹ́ dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ náà lẹ máa jókòó ṣàlàyé fún un. Ẹ tún ṣírò ọ̀rọ̀ tó wà láàárín yín: èèyàn mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́fà lẹ fi ń bára yín sọ̀rọ̀ ní méjìméjì, tẹ́ ẹ bá di mẹ́jọ, ó ti di 28. Mẹ́rin yẹn dáa.

Ìbéèrè: Ẹnì kan wà nínú wa tí ò ṣe nǹkan kan rárá, máàkì kan náà la sì jọ máa gbà. Ṣé ìyẹn dáa, ẹ̀gbọ́n?

Ìdáhùn: Kò dáa. Inú tiẹ̀ máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ, torí mo mọ ohun tí àìsùn òru méjì ń ṣe fún èèyàn, kẹ́nì kan wá dìde lọ́jọ́ difẹ́ńsì, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣàlàyé iṣẹ́ yín níwájú lẹ́kítọ́rà, kó máa ní "a ṣe é báyìí, a ṣe é báyẹn".

Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí ná. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Max Ringelmann, ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀, ó ní káwọn èèyàn máa fa okùn, nígbà míì ẹnì kan, nígbà míì ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú èsì tó gbé jáde lọ́dún 1913, bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i nídìí okùn ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi fà á ń dín kù. Tí ohun téèyàn ṣe ò bá hàn sójú, ọwọ́ èèyàn máa ń dẹ̀, kódà ẹni tí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó tọ́ ni pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹnì kan lára. Kì í ṣe "àwọn tó ń ṣe dátábéèsì". Orúkọ èèyàn, àti ọjọ́ tó máa tán.

Ẹ sì kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣe é. Mo ti rí ẹni tí ò ní lápútọ́ọ̀pù tí ojú sì ń tì í láti sọ, mo ti rí ẹni tó ń bá ìyá ẹ̀ tajà ní ọjà Sábó di alẹ́. Mo tún ti rí èyí tó pọ̀ jù lọ, ìyẹn ẹni tó fẹ́ ṣe é, àmọ́ ọ̀gá kóòdù inú gurúùpù ti gba gbogbo iṣẹ́ mọ́ra láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá kọ nǹkan wọ́n á pa á rẹ́ lóru wọ́n á tún tiwọn kọ. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn náà ń ba gurúùpù jẹ́, bó ti wù kí kóòdù ẹ̀ mọ́ tó, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ yẹn bọpo bọyọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti wádìí tán, kẹ́nì kan pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan kó bá a sọ̀rọ̀, ẹ má bú u lórí WhatsApp gurúùpù. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tó dá dúró, ẹ fọjọ́ sí i. Tó bá tún kọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ bá lẹ́kítọ́rà nígbà tí sẹ̀mẹ́sítà ò tíì dé ìdajì, torí ẹ̀sùn tó bá dé lọ́jọ́ difẹ́ńsì, ìjà ló máa ń jọ. Tí wọ́n bá sì fún yín ní fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa fi fún ara yín ní máàkì, ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Àwọn tó kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá fún gbogbo èèyàn torí àánú, àwọn kan náà ló máa ń sunkún nígbà tí èsì bá jáde.

Ìbéèrè: Lẹ́kítọ́rà ní òun máa wo Git wa. Kí lòun máa rí níbẹ̀? Lápútọ́ọ̀pù kan làwa méjì ń lò.

Ìdáhùn: O ṣeun tó o béèrè, torí ìyà ibẹ̀ ń jẹ àwọn ọmọ lásán. Git, tí Linus Torvalds ṣe lọ́dún 2005 fún iṣẹ́ Linux, máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló yí kí ni padà àti ìgbà wo. Lẹ́kítọ́rà lè tẹ git shortlog -sn, á sì rí iye commit tí kálukú ṣe, ìyẹn iye ìgbà tó ní kí Git fi àyípadà tóun ṣe pa mọ́. Àmọ́ Git ò mọ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ o, orúkọ àti ímeèlì tẹ́ ẹ bá fi sínú sẹ́tìǹsì ló ń lò. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ̀ ń lo ẹ̀rọ kan, gbogbo iṣẹ́ yín á bọ́ sórí orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ máa yí user.name àti user.email padà kí ẹnì kejì tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ Co-authored-by pẹ̀lú orúkọ àti ímeèlì ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ commit, tí ímeèlì yẹn bá ti jẹ́ èyí tó fi forúkọ sílẹ̀ lórí GitHub, ìkànnì tẹ́ ẹ ń kó iṣẹ́ Git yín sí, GitHub á fi ẹ̀yin méjèèjì hàn.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé kí kálukú máa fi zip ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹnì kan wá kó gbogbo ẹ̀ sórí GitHub lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Lójú ẹni tó bá wò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́. Ẹ sì má rò pé iye commit ni iṣẹ́, ẹlòmíì á ṣe commit fún kọ́mà kan, lẹ́kítọ́rà tó mọṣẹ́ á ṣí i wò.

Ìbéèrè: Dátà wọ́n, NEPA ò sì sí. Báwo la ṣe fẹ́ máa lo Git lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Commit ò jẹ dátà rárá! Orí ẹ̀rọ rẹ ló ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó o bá ń ṣe push (fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí GitHub), pull (gbígba èyí táwọn yòókù ṣe) tàbí clone (kíkó gbogbo ẹ̀ wá sórí ẹ̀rọ rẹ) ló nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà máa ṣe commit nílé bí bátìrì ṣe lágbára mọ, tó o bá dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa kó o wá ti gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ JavaScript lẹ̀ ń lò, ẹ kọ node_modules, fódà tí kóòdù àwọn ẹlòmíì tẹ́ ẹ yá lò máa ń wà, sínú .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí Git ò gbọ́dọ̀ kó, torí fódà yẹn lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún megabyte, kò sì sídìí tó fi yẹ kó jẹ dátà yín. Ẹ fi fáìlì .env náà síbẹ̀, pásíwọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Git kọ CONFLICT sí mi lójú, ẹ̀rù bà mí, mo pa fódà náà rẹ́ mo tún gbogbo ẹ̀ dáwùnlóòdù. Kí ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjì lẹ yí ibì kan náà padà, Git ò mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Tó o bá ṣí fáìlì náà, wàá rí nǹkan báyìí:

<<<<<<< HEAD
ijoko = 20
=======
ijoko = 30
>>>>>>> tiketi

Ti òkè ni tìẹ, ti ìsàlẹ̀ ni ti ẹnì kejì. Wàá mú èyí tó tọ̀nà, wàá yọ àwọn àmì yẹn kúrò, wàá ṣe git add, wàá ṣe commit. Àmọ́ kó o tó yọ tẹnì kejì, pè é. Ìdí tó fi kọ 30 lè jẹ́ pé ó ti dé Èbúté, ó sì fojú ara ẹ̀ ka ìjókòó inú ọkọ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ gbà wá.

Ìdáhùn: Ẹ gé iṣẹ́ yẹn kù. Lónìí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú. Tó bá jẹ́ áàpù ọkọ̀ ojú omi tá a fi ṣàpẹẹrẹ yẹn: èrò yan àkókò ọkọ̀, ó tẹ "rà á", ó rí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Kó ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ dé òpin, kó burẹ́wà pàápàá, kò sí wàhálà. Fọ́tò èrò, àwọ̀ dúdú fún alẹ́, chat, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ yín pé ẹ sọ wọ́n sílẹ̀ àti ìdí ẹ̀, torí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀ mọṣẹ́. Ní alaalẹ́ kẹ́ ẹ so ti gbogbo yín pọ̀ kẹ́ ẹ dán an wò. Tó bá ku ọjọ́ méjì, ẹ má fọwọ́ kan branch, ìyẹn ẹ̀dà kóòdù yín nínú Git, tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ lo àkókò yẹn láti ṣàlàyé iṣẹ́ kálukú fún ara yín, torí lẹ́kítọ́rà lè bi ẹni tó ṣe ojú ìwé ní ìbéèrè nípa dátábéèsì. Kẹ́ ẹ tún gba fídíò áàpù náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́, iná lè lọ, nẹ́tíwọ̀kì lè dá, kí fídíò yẹn wà lórí fóònù èèyàn méjì ó kéré tán.