"Ẹ mí sínú, ẹ dá a dúró": ohun tó wà nínú àyà yín àti ìdí tá a fi ń yọ yín lẹ́nu ní yàrá X-ray

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ya X-ray, mi ò kì í ṣe dókítà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo màmá tó bá wọlé ló ń pè mí ní dókítà, tí mo bá ní rárá wọ́n á ní "ẹ̀yin náà ni, dókítà mi", mo ti gbà fún wọn. X-ray àyà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa: akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì tí wọ́n ní kó lọ ṣe medical, ẹni tó fẹ́ lọ gbé UK ju oṣù mẹ́fà lọ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun ò ní TB (ikọ́ ife), ẹni tó ti ń wúkọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń bínú sí wa. Ẹ bọ́ ṣéènì, ẹ kó irun sókè, ẹ dì mọ́ pátákó yìí, ẹ ti èjìká síwájú, ẹ mí sínú, ẹ dá a dúró, ẹ má mí o... wọ́n á máa wò wá bíi pé à ń fi wọ́n ṣeré. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ yẹn tí kò nídìí, ìdí ẹ̀ sì wà nínú bí nǹkan ṣe tò sínú àyà yín.

Ẹ fi ìka kan kòtò tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun, níbi tí ọrùn ti pàdé àyà. Ẹ máa fà á bọ̀ wálẹ̀ lórí egungun àárín àyà, tó bá tó nǹkan bí ìka mẹ́ta, ẹ máa kan ibì kan tó yọ gọngọ díẹ̀, tó dábùú. Egungun ìhà kejì ló so mọ́ ibẹ̀, ibẹ̀ sì làwọn dókítà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìhà, torí ti àkọ́kọ́ sá pamọ́ sábẹ́ egungun tó lọ sí èjìká. Ẹ fi ibi gọngọ yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀. Egungun ìhà jẹ́ 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì, lára ọkùnrin àti lára obìnrin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ti ọkùnrin dín kan nítorí ọ̀rọ̀ Ádámù, mo sì máa ń sọ fún wọn pé Ádámù nìkan ni wọ́n yọ tiẹ̀, wọn ò yọ tàwọn ọmọ ẹ̀. Méje àkọ́kọ́ so mọ́ egungun àárín àyà fúnra wọn, ìkẹjọ dé ìkẹwàá ń gbára lé èyí tó wà lókè wọn, àwọn méjì tó kẹ́yìn ò dé iwájú rárá.

Ìsàlẹ̀ àyà gan-an làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Wọ́n rò pé ibi tí egungun ìhà parí sí ni àyà náà parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ilẹ̀ àyà jẹ́ ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní diaphragm, ó rí bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, tẹ́ ẹ bá mí síta tán pátápátá, orí igbá yẹn lápá ọ̀tún lè gòkè dé ọ̀gangan orí ọmú ọkùnrin. Ẹ̀dọ̀ àti apá kan àpò oúnjẹ wà lábẹ́ ẹ̀, egungun ìhà ló bò wọ́n lóòótọ́ àmọ́ inú ikùn ni wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá gún èèyàn lọ́bẹ ní ìhà ìsàlẹ̀, dókítà á máa wo ikùn bó ṣe ń wo àyà.

Tẹ́ ẹ bá wá mí sínú dáadáa, igbá yẹn á tẹ́ wálẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á sì nà gbalaja. Tí fíìmù bá dáa, a gbọ́dọ̀ lè ka egungun ìhà tó mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá láti ẹ̀yìn kó tó kan diaphragm. Ẹni tí kò bá mí sínú dáadáa, tó kàn gbé èjìká sókè lásán (ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lẹ burú jù), ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ á há mọ́ra wọn, á funfun lórí fíìmù bíi pé pneumonia, àrùn tó ń kọlu ẹ̀dọ̀fóró, wà níbẹ̀, ọkàn ẹ̀ náà á wá sanra lójú wa, wọ́n á ní kó padà wá yà á, á ní a fẹ́ jẹ owó òun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa rí i náà pé diaphragm ọ̀tún ga ju tòsì lọ, ibi tí ẹ̀dọ̀ wà nìyẹn. Lábẹ́ tòsì, nǹkan dúdú róbótó kan máa ń wà níbẹ̀, wọ́n á pariwo pé ihò ti lu àyà àwọn. Kì í ṣe ihò o, afẹ́fẹ́ inú àpò oúnjẹ ni, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu míníràlì, tiẹ̀ á tún tóbi sí i.

Ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ méjì àmọ́ wọn ò dọ́gba. Tọ̀tún pín sí mẹ́ta, tòsì pín sí méjì torí ọkàn ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé orí ẹ̀dọ̀fóró kọjá egungun iwájú tó lọ sí èjìká lókè, ó yọ wọ ìsàlẹ̀ ọrùn bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Apá òkè yẹn ni TB àgbàlagbà fẹ́ràn jù. Báyìí, ẹ wo arábìnrin tó di braid tó gùn dé ẹ̀yìn, tó jẹ́ kó wálẹ̀ sórí èjìká: irun yẹn á hàn gbangba lórí fíìmù, ní ibi tí à ń wá TB gẹ́lẹ́, ẹni tó ń ka fíìmù á sì máa ṣe kàyéfì. Ẹ kó irun yín sókè, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ èjìká náà ò yàtọ̀, egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká wà lórí ẹ̀dọ̀fóró, tẹ́ ẹ bá ti èjìká síwájú ló máa yẹra.

Ẹ padà síbi gọngọ tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan. Lọ́gangan ibẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, ni páìpù èémí ti pín sí méjì. Èyí tó lọ sọ́tùn-ún fẹ̀ ju tòsì lọ, ó kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbọọrọ wálẹ̀, tòsì ló yà dáadáa torí ọkàn. Torí náà, tí ẹ̀pà bá gba ọ̀nà òdì lọ́fun èèyàn, ọ̀tún ló sábà máa ń wọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀pà kì í sábà hàn lórí X-ray. Owó wẹ́wẹ́ á hàn, bátìrì kékeré á hàn, ẹ̀pà àti ẹ̀wà lè wà níbẹ̀ kí fíìmù mọ́ kedere. Tí ọmọ bá ń jẹ ẹ̀pà, tó há, tó wúkọ́ títí ojú ẹ̀ fi pọ́n, tó wá dákẹ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí pẹ̀lú ariwo lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yẹn fún dókítà kódà tí a bá ní X-ray ò rí nǹkan kan. Ọmọ tí ò tíì lè jẹun lẹ́nu dáadáa, ẹ má fún un lẹ́pà odindi rárá.

Awọ fẹ́lẹ́ méjì ló bo ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọn, ìkejì lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, omi díẹ̀ báyìí ló wà láàrin wọn kí wọ́n lè máa yọ́ lára ara wọn. Ẹ̀dọ̀fóró fúnra ẹ̀ kì í mọ ìrora, awọ tó wà lára ìhà yẹn ló ń mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí pneumonia fi máa ń gún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá mí. Tí omi bá pọ̀ láàrin awọ méjèèjì, tẹ́ ẹ bá dúró á ṣàn lọ sísàlẹ̀, á dí igun ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó mú ṣóńṣó, àmọ́ ó lè tó bíi 200 ml kó tó hàn lórí fíìmù tá a yà lórí ìdúró, tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ ńṣe lá kàn tẹ́ rẹrẹ sẹ́yìn. Ẹ rí ìdí tá a fi ní kẹ́ ẹ dìde. Kí Röntgen tó rí X-ray lọ́dún 1895, ìka làwọn dókítà ń lò. Leopold Auenbrugger, ará Austria, ló tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀ lọ́dún 1761, pé kéèyàn máa gbá àyà kó sì fetí sí i, ibi tó bá dún bí ihò, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, ibi tí ìró ẹ̀ ò bá jáde dáadáa, omi ni tàbí ẹran. Wọ́n ní ilé ọtí ni bàbá ẹ̀ ní, pé ara àgbá ọtí ló ti kọ́ ọ. Dókítà tó bá gbá ẹ̀yìn yín lónìí, nǹkan yẹn náà ló ń ṣe.

Ó wá ku ọkàn, tí gbogbo yín máa ń nawọ́ sápá òsì tí mo bá bi yín. Àárín ló wà! Ẹ̀yìn egungun àárín àyà gan-an, láàrin ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ó kàn dàgẹ̀rẹ̀ ni, tí bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ fi bọ́ sósì, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló ń lù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan abẹ́ ọmú òsì. Tí èèyàn bá ṣubú tí kò mí mọ́, àárín àyà lẹ máa tẹ̀, ìdajì ìsàlẹ̀ egungun yẹn, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má lọ máa tẹ òsì. Ó sì sún mọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ. Ìyẹn la fi ń ní kẹ́ ẹ dì mọ́ pátákó kí iná ẹ̀rọ wá látẹ̀yìn, láti nǹkan bíi mítà 1.8, torí ohun tó bá jìnnà sí pátákó máa ń tóbi ju bó ṣe rí lọ. Lára àgbàlagbà, ọkàn ò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìdajì àyà lọ. Àmọ́ aláìsàn tá a yà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ẹ̀ ni pátákó máa wà, ọkàn ẹ̀ á tóbi lórí fíìmù láìṣẹ̀ láìrò, ẹbí á wá ya fọ́tò ẹ̀ sí WhatsApp, ẹnì kan á ní "ọkàn bàbá ti wú". Ẹ jẹ́ kí dókítà kà á, ẹ jọ̀ọ́.

Páìpù oúnjẹ gba ẹ̀yìn ọkàn kọjá lọ sínú ikùn, wọ́n sún mọ́ra débi pé ara kì í lè sọ pàtó èwo ló ń dun òun. Ẹni tí àyà ń ta á lẹ́yìn ẹ̀bà alẹ́ lè rò pé ọkàn ni, ẹni tí ọkàn ń dà láàmú á ní ọlsà ni, á lọ ra oògùn ní kẹ́mísì. Èyí tó léwu ni ìkejì yẹn. Tó bá ń tẹ̀ yín mọ́lẹ̀, tó ń lọ sápá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ECG, àyẹ̀wò tó ń wo bí iná inú ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n á sì kọ́kọ́ ṣe, X-ray tiwa ò lè fi heart attack hàn.

Ohun tó kẹ́yìn ni lẹ́tà kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, L tàbí R. Bíi pé ẹ kọjú sí èèyàn la ṣe ń wo fíìmù, òsì yín á wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Àwọn kan sì wà, wọn ò pọ̀, tí wọ́n bí tọkàn wọn wà lápá ọ̀tún, àwọn míì tiẹ̀ tún ní ẹ̀dọ̀ lósì, wọn ò sì ṣàìsàn, inú X-ray medical ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ fúngbà àkọ́kọ́. Láìsí lẹ́tà yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá irú wọn lòún ń wò tàbí pé wọ́n yí fíìmù sódì. Tí wọ́n bá fún yín ní èyí tí kò ní lẹ́tà lára, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.