Ọmọlójú tó ń jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn: bí àìsàn Adie ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ, tí oòrùn ọ̀sán ìlú Kétu ní ilẹ̀ Benin ń tàn sí i tí kò sì mira, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé ojú náà ti kú, tí ẹlòmíràn yóò sì sọ pé ọwọ́ ayé ni. Nínú àìsàn tí àwọn oníṣègùn fi orúkọ dókítà kan, Adie, pè, kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ojú náà ń ríran, ọmọlójú rẹ̀ pàápàá sì ń gba àṣẹ. Àṣẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó kàn ń gbà.

Ọmọlójú kì í ṣe ohun kan ju ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú ẹyinjú lọ. Ẹran tín-ín-rín kan yí ihò náà ká bí okùn ṣe ń yí ìbàdí ṣòkòtò ká, bí ẹran yìí bá sì fún, ihò a súnkì. Ẹnubodè ìlú a máa ṣí lọ́sàn-án, wọn a sì tì í lóru. Ti ojú yàtọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tì í, òkùnkùn ni ó sì ń ṣí i. Ìròyìn ìmọ́lẹ̀ a dé inú ọpọlọ, ọpọlọ a sì rán iṣẹ́ padà sí ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wà lẹ́yìn ẹyinjú. Oríta kékeré kan wà níbẹ̀, níbi tí àwọn iṣan tó ru iṣẹ́ ọpọlọ dé ti ń fi í lé àwọn iṣan mìíràn lọ́wọ́, bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ tó wá gun sẹ̀míjàn, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, dé ẹnu ọ̀nà ilé. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gba oríta yìí kọjá. Ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ ẹran tó ń fún ọmọlójú. Èkejì ń lọ sọ́dọ̀ ẹran tó ń mú dígí inú ojú wú nígbà tí a bá ń wo ohun tó súnmọ́ wa, bí ìwé tàbí ihò abẹ́rẹ́. Àwọn iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ méjèèjì kò pọ̀ bákan náà rárá: bí a bá ka ẹyọ kan tó jẹ́ ti ọmọlójú, a óò ka bí 30 tó jẹ́ ti wíwo ìtòsí.

Oríta yìí ni ó ń bàjẹ́ nínú àìsàn Adie, lọ́pọ̀ ìgbà láìjẹ́ pé dókítà rí ohun kan pàtó tó fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ a dákẹ́: ọmọlójú a fẹ̀ sílẹ̀, ìwé kíkà a sì nira. Lẹ́yìn náà, àwọn iṣan tó kù a bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà kò ní ṣàjèjì sí ará Kétu. Nígbà tí ogun Dahomey pa ìlú náà run ní ọdún 1886, ọdún mélòó kan kọjá kí àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún un tẹ̀dó. Ká ní agbo ilé kan rí ọgbọ̀n ènìyàn tó padà wálé, tí agbo ilé kejì kò sì rí ju ẹyọ kan lọ, ta ni yóò gba àwọn àyè tó ṣófo? A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ní Kétu o, nítorí ìlú ní àgbà tó mọ ààlà. Ojú kò ní. Iṣan tó bá hù dé ẹ̀bá ọmọlójú ni yóò jókòó síbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọmọ agbo ilé tó pọ̀ ni.

Láti ìgbà náà lọ, bí a bá tan iná sí ojú ọ̀hún, ọmọlójú rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, bẹ́ẹ̀ ọmọlójú kejì tó lálàáfíà yóò súnkì, èyí tó fi hàn pé ìròyìn ìmọ́lẹ̀ dé ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá gbé ìka súnmọ́ imú tó sì tẹjú mọ́ ọn, àṣẹ wíwo ìtòsí yóò dé, ọmọlójú líle yẹn yóò sì máa súnkì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Bó bá tún wo ọ̀ọ́kán, yóò pẹ́ kó tó fẹ̀ padà. Lábẹ́ ẹ̀rọ tí dókítà ojú fi ń yẹ ojú wò, apá kan ń fún, apá kan kò mira, gbogbo rẹ̀ a sì máa rìn bí ekòló. Àtúnṣe tí ara ń ṣe fún ara rẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu, àléébù rẹ̀ sì nìyí: ó mọ bí a ti ń so okùn, kì í bèèrè ibi tí okùn ti wá.

Àṣìmú kan tó burú ju ti ọwọ́ ayé lọ ti wáyé lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn fúnra wọn. Ní ọdún 1869, Douglas Argyll Robertson ní ilẹ̀ Scotland ṣàpèjúwe ọmọlójú tí kì í dá ìmọ́lẹ̀ lóhùn ṣùgbọ́n tó ń súnkì fún ohun ìtòsí. A wá mọ̀ pé àrùn ìbálòpọ̀ tí à ń pè ní rẹ́kórẹ́kó (syphilis), tó ti wọ ọpọlọ, ló sábà ń fà á. Àrùn kan náà lè mú kí ẹsẹ̀ má ta mọ́ nígbà tí dókítà bá fi òòlù kékeré lu iṣan líle tó wà lókè gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ní àìsàn Adie náà kì í sábà ta, nítorí náà ẹ̀sùn rẹ́kórẹ́kó a bọ́ sórí aláìṣẹ̀, àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 20 sí 40 sì ni àìsàn yìí ń mú jù. Ní ọdún 1931 ni Gordon Holmes àti William John Adie, ẹni tí wọ́n bí ní Australia ní ọdún 1886 tí Kétu fọ́ gan-an, kọ̀wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nípa rẹ̀. Adie tẹnu mọ́ ọn pé àìsàn tí kì í pani ni, kò sì bá rẹ́kórẹ́kó tan. Ọmọlójú ti rẹ́kórẹ́kó a máa kéré, a sì máa kan ojú méjèèjì. Ti Adie sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ojú kan, yóò sì fẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá a mọ̀ ni ó gbọ́n jù. Ẹran tí ẹni tó ń bọ́ ọ, ìyẹn iṣan rẹ̀, ti sá lọ kì í sùn. Ńṣe ni ebi ń pa á, tí ìwọ̀nba oúnjẹ tí ẹni tó yó kò ní kà sí sì tó láti mú un dìde. Dókítà yóò bomi la pilocarpine, oògùn tó ń mú ọmọlójú súnkì, títí yóò fi kù bí 0.1 nínú 100, yóò sì kán an sí ojú méjèèjì. Ojú tó lálàáfíà kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ohun kan kán sí òun. Ọmọlójú tó fẹ̀ yóò súnkì.

Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀, ojú tó yà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀fọ́rí líle tó bá ọmọlójú fífẹ̀ rìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Adie, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, nítorí ó lè jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú orí ni ó ń tẹ iṣan ojú. Ní ti Adie, awò ìkàwé àti awò oòrùn sábà máa ń tó. Bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, ọmọlójú tó fẹ̀ yìí a máa kéré sí i, títí yóò fi kéré ju ìkejì lọ. Dókítà tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí onítọ̀hún nígbà náà lè kọ́kọ́ gbé iná rẹ̀ lọ sí ojú tó lálàáfíà.