Ojúlé pàápàá orúkọ ni

Ká ní abúlé kan wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó tí ilé ibẹ̀ kò ju méjìlá lọ. Àwọn olùwádìí ya àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí àwọn tó ní ikọ́ ife ń gbé hàn. Wọ́n yọ gbogbo orúkọ kúrò, àmì pupa kan péré ló sì bọ́ sí abúlé yẹn. Ará abúlé tó bá rí i kò ní bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ilé ìyá tó ń yan gàrí nídìí ìrókò ni. Ojúlé nìkan ti tú àṣírí.

Káàdì ọ́sípítù kì í sábà ní nọ́ńbà ilé. "Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, Sábó, Ṣágámù" ni akọ̀wé máa ń kọ. Kí ó tó lè dé orí àwòrán ilẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di nọ́ńbà méjì tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe lọ sí àríwá àti sí ìlà-oòrùn tó lórí àwòrán ayé. Ti Ṣágámù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 6.84 àti 3.65. Nọ́ńbà méjì lẹ́yìn pọ́ìǹtì ń tọ́ka sí nǹkan bíi kìlómítà kan. Bó bá di mẹ́rin, bíi mítà 11 ni. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn! Kí wọ́n gé ìrù nọ́ńbà yìí ló rọrùn jù.

Èyí tó gbọ́n jù ú lọ ni kí wọ́n ṣí àmì nídìí. Ìwádìí ìlera jákèjádò Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NDHS ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àdúgbò tí wọ́n bá bẹ̀ wò: nígboro, àmì lè yẹ̀ tó kìlómítà 2, lábúlé, ó lè tó 5, ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún abúlé sì lè tó 10. Kìlómítà 2 nígboro Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló wà níbẹ̀. Lábúlé, ó lè jẹ́ oko kòkó àti igbó lásán, kí abúlé kan ṣoṣo tó wà nítòsí ṣì máa yọ sójú.

Àwọn nǹkan mìíràn inú fáìlì náà ń ṣòfófó. "Obìnrin, ẹni ọdún 34, ó bí ìbẹta lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba": ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Wọ́n á sọ ọjọ́ orí di 30 sí 39, wọ́n á ti gbogbo ọjọ́ inú fáìlì ẹni kan síwájú tàbí sẹ́yìn ní iye kan náà, kí àlàfo láàárín ìbẹ̀wò méjì má bàa bàjẹ́. Òfin ààbò dátà ti 2023 ní Nàìjíríà sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun ẹlẹgẹ́.

Ṣùgbọ́n ìpamọ́ ń gba nǹkan lọ́wọ́ ìwádìí. Lọ́dún 1854 ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà John Snow sàmì sí ilé tí onígbá-méjì ti pa èèyàn, àwọn àmì náà sì ṣùjọ yí pọ́ǹpù omi Broad Street ká. Ká ní ó ti ṣí wọn nídìí ní kìlómítà 2 ni, pọ́ǹpù yẹn ì bá má hàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tọ́jú àmì gidi sínú kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, nínú yàrá títì. Olùwádìí á wọlé síbẹ̀, á ka ohun tó fẹ́ kà, iye nìkan ni wọ́n á jẹ́ kó mú jáde.