Kí ló dé tí kóróṣè mi fi ń di abọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fífi òwú ṣe ewé, olú àti kajú

Bí àsìkò kajú bá ti dé ní Kábà, Ìjùmú àti Yàgbà, nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ohun kan náà làwọn tó ń kọ́ kóróṣè, iṣẹ́ fífi abẹ́rẹ́ oníkọ́ hun òwú, máa ń fẹ́ ṣe: kajú pupa tí kóró rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n fi ṣe ìkọ́ kọ́kọ́rọ́. Ẹlòmíràn fẹ́ ewé, ẹlòmíràn fẹ́ olú. Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn kọ́ ló sábà ń tọwọ́ jáde. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí. Kí n ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀: iye ojú òwú, ìyẹn kókó kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ ń hun, tí ẹ bá fi kún iṣẹ́ ló ń pinnu bó ṣe máa rí. Kí ẹ fà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lọ̀ ọ́, kò sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ tí kíkà ò ṣe.

Mo fẹ́ ṣe ewé òṣíbàtà, kó rí róbótó, kó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ló dé tó ń di abọ́?

Etí rẹ̀ ló kéré fún àárín rẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú kúkurú lẹ ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní síńgù kóróṣè, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú 6 nínú òrùka. Yípo kejì á jẹ́ 12, ìkẹta 18, ìkẹrin 24, ìkarùn-ún 30. Mẹ́fà mẹ́fà lẹ ó máa fi kún un títí tí ewé náà á fi tóbi tó bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹni tó bá ń fi 4 kún un, etí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní gùn tó, á máa fa àárín mọ́ra, ó di abọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi 9 tàbí 10 kún un, etí tirẹ̀ á gùn kọjá ààyè tó wà nílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ibòmíràn tí òwú náà lè gbà, á máa lọ sókè, á máa bọ̀ sílẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fẹjọ́ abọ́ sùn mí ló mọ mẹ́fà yìí dáadáa. Wọn ò kà ni. Wọ́n ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, wọ́n fo ibi tó yẹ kí wọ́n ti fi ojú méjì sínú ojú kan, nígbà tí wọ́n á fi dé yípo kẹjọ, ojú márùn-ún ti sọ nù. Ẹ fi òwú aláwọ̀ mìíràn ṣàmì sí ojú àkọ́kọ́ nínú yípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka ojú kí ẹ tó kọjá sí yípo tó kàn. Tí kò bá pé, ẹ tú u. Ó máa ń dunni, mo mọ̀.

Ta ló sọ pé mẹ́fà ni? Kí ló dé tí kì í ṣe márùn-ún tàbí mẹ́wàá?

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, bí òbìrìkítí ṣe rí nìyẹn. Ẹ mú okùn, ẹ fi yí ẹnu ìkòkò ká gírígírí. Ẹ wá fẹ́ kí okùn náà fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí ẹnu ìkòkò yíká. Báwo ni okùn tí ẹ máa fi kún un ṣe máa gùn tó? Sẹ̀ǹtímítà 6.28. Èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé tó bá ṣe pé gbogbo ìlú Kábà lẹ fi okùn yí ká róbótó, tí ẹ sì fẹ́ kó fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí i, sẹ̀ǹtímítà 6.28 náà lẹ máa rà kún un. Bí òbìrìkítí náà ṣe tóbi tó ò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ojú kúkurú kan, bó ṣe ga náà ló ṣe fẹ̀, tàbí kó fẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, yípo kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe fi ìwọ̀n ojú kan jìnnà sí àárín ju ti ìṣáájú lọ, etí sì ń fẹ́ ojú mẹ́fà àti díẹ̀ sí i. Ojú gíga tí wọ́n ń pè ní dọ́bù kóróṣè fẹ́ẹ̀ ga tó ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ pẹ̀lú 12, tí a sì ń fi 12 kún un. Ọwọ́ kì í dọ́gba ṣá o. Mo mọ àwọn tí ọwọ́ wọn le débi pé 7 ló ń jẹ́ kí tiwọn tẹ́. Ẹ ṣe kékeré kan wò kí ẹ tó bọ́ sínú iṣẹ́ ńlá.

Mo rí òdòdó kan lórí fóònù, etí rẹ̀ kún fún ìgbì, ó sì rẹwà gan-an. Ṣé àṣìṣe nìyẹn náà?

Rárá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú 6, kí ẹ máa fi ojú méjì sínú gbogbo ojú, láìfo ọ̀kan. Ẹ ó ní 6, 12, 24, 48, 96, 192, 384. Nígbà tí iṣẹ́ pẹrẹsẹ bá wà ní 42 ní yípo keje, eléyìí ti di 384. Níbo ni irínwó ojú dín mẹ́rìndínlógún máa jókòó sí ní ààyè ojú méjìlélógójì? Ó máa ká, á wọ́ra jọ, á sì le gbagidi lọ́wọ́. Ẹ ra òwú tó pọ̀, torí yípo tó gbẹ̀yìn nìkan ń jẹ òwú ju gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ pa pọ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ìgbì tó rọra lọ, ẹ fi ojú kan kún gbogbo ojú márùn-ún, kí ẹ má sì yí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti ohun ọ̀ṣọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1830, Nikolai Lobachevsky ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti János Bolyai ní ilẹ̀ Hungary, olúkúlùkù lọ́tọ̀, ti ṣàlàyé irú ojú ilẹ̀ kan tí kò tẹ́, tí kò sì dà bíi bọ́ọ̀lù, tí ààyè rẹ̀ ń gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ bí a bá ṣe ń kúrò láàárín. Àwọn onímọ̀ ìṣirò lè kọ ọ́ sínú ìwé, àmọ́ ó ṣòro fún wọn láti mú un lọ́wọ́. Bébà ni wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń ya. Ní 1997, Daina Taimina, ọmọ ilẹ̀ Latvia tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, mú abẹ́rẹ́ kóróṣè, ó sì ṣe é. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń fi ṣe etí aṣọ orí tábìlì ni! Láti 2005 ni àwọn ìbejì ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà kan, Margaret àti Christine Wertheim, ti ń lo ọ̀nà kan náà láti fi òwú ṣe iyùn abẹ́ òkun, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní oríṣiríṣi ilẹ̀ sì bá wọn dá sí i.

A ò ní òkun nílẹ̀ Okun, orúkọ wa nìkan ló jọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo òdòdó tí orí rẹ̀ rí bí ogbe àkùkọ, èyí tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé, mọ̀lẹ́bí ṣọkọ. Etí rẹ̀ dàgbà ju ìdí rẹ̀ lọ, ló fi ká bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rí i báyìí-báyìí, ẹ mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi di búrẹ́dì, kí ẹ fà á ya díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo etí tó ya: ìgbì kéékèèké ti hù sí i. Nígbà tí ẹ ń fà á ya, etí yẹn nà, ara rẹ̀ yòókù ò nà.

Kóró kajú ńkọ́? Tèmi ń gùn bí ìka, kò tẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wá kóró kajú gidi, kí ẹ fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìdí, kí ẹ sì tọ inú rẹ̀ níbi tó ti kó wọnú. Ẹ̀yìn gùn ju inú lọ. Ẹ ṣe òwú náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi òwú aláwọ̀ eérú bẹ̀rẹ̀: 6, lẹ́yìn náà 9, lẹ́yìn náà 12. Láti ibẹ̀, ẹ má fi kún un mọ́. Nínú yípo kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ojú kúkurú 6, kí ẹ ṣe èyí tó ga díẹ̀, háàfù dọ́bù, 6. Apá ojú gíga ni ẹ̀yìn, apá ojú kúkurú ni inú. Ní yípo kìíní àti ìkejì, kò ní dà bíi pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Tó bá di yípo kẹrin tàbí ìkarùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ máa wo ibi tí ojú gíga ti bẹ̀rẹ̀, torí iṣẹ́ tó ń yí lọ láìsí ìsopọ̀ máa ń rọra yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tó bá ti yẹ̀, ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ náà pẹ̀lú ojú kan padà. Ẹ ki òwú àràbà tàbí òwú ìrọ̀rí sí i, kó má kún jù, torí tó bá kún jù á tún nà. Lẹ́yìn náà, ẹ so ojú méjì-méjì pọ̀ di ọ̀kan títí ẹnu rẹ̀ á fi pa dé.

Ara kajú tó ń ṣomi, èyí tí à ń mu, rọrùn. Tiyín lè gùn, tẹlòmíràn lè rí róbótó. Ti orí igi náà ò dọ́gba. Kí ẹ kàn má gbé kóró sókè níbi tí igi ti mú un. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ lára ohun tí wọ́n ń tà. Ìsàlẹ̀ ni kóró ń wà, òun gan-an sì ni èso. Èyí tí à ń mu jẹ́ ọ̀pá tó so èso náà mọ́ igi, òun ló wú.

Olú mi rí bíi fìlà. Kí ni mo ṣì ṣe?

Kò sí etí tó mú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe orí rẹ̀ dé 30, kí ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta láìfi kún un, kó lè wálẹ̀. Ní yípo tó tẹ̀ lé e, okùn ẹ̀yìn ojú kọ̀ọ̀kan nìkan ni kí ẹ ki abẹ́rẹ́ sí, kí ẹ sì máa dín in kù: 24, 18, 12. Okùn iwájú tí ẹ fi sílẹ̀ á yọ bí ìlà yíká, abẹ́ olú á sì wọlé pẹrẹsẹ. Ẹ fi 12 yẹn ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ṣé nítíìnì náà lè ṣe ewé? Tèmi máa ń ká létí ṣáá.

Iwájú àti ẹ̀yìn ojú nítíìnì ò dọ́gba, ìdí nìyẹn. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó dán níwájú, tó ní kókó lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ká sẹ́yìn, òkè àti ìsàlẹ̀ á ká síwájú. Tó bá jẹ́ súwẹ́tà, ẹ máa bínú. Tó bá jẹ́ ewé tó ń gbẹ nínú ọyẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣé àyọ́ọ̀nù ò lè tún abọ́ ṣe?

Òwú tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ákírílíìkì ni, irú ọ̀rá ni. Àyọ́ọ̀nù gbígbóná á yọ́ ọ, á di nǹkan tó ń dán, tó sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò sì ní padà sí ipò mọ́. Tó bá jẹ́ òwú gidi, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sómi kí ẹ fi pínnì nà án sílẹ̀ kó gbẹ, ìyẹn á tún ìwọ́nba tó wọ́ ṣe. Ojú márùn-ún tó sọ nù, omi ò lè dá a padà.

Wọ́n ní ẹ̀rọ ò lè ṣe kóróṣè. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ nítíìnì ti wà láti 1589, nígbà tí William Lee ṣe ti ìbọ̀sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ abẹ́rẹ́ kóróṣè lè wọ ibikíbi lára iṣẹ́ tó ti ṣe, kó sì máa bá ojú kan ṣoṣo lọ. Ilé iṣẹ́ kankan ò tíì ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjà. Àwọn tó jọ ọ́ wà, nítíìnì ni wọ́n. Nítorí náà, tí ẹ bá rí bùláòsì kóróṣè gidi tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ọwọ́ èèyàn kan ló hun ún, owó tó sì gbà kéré gan-an.

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Ṣé a ní tiwa?

Òfì ni tiwa. Láyé àtijọ́, àwọn ará Bùnú, nílẹ̀ Okun níbí, ló máa ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò fún ìsìnkú àwọn ẹni ńlá, òwú pupa inú rẹ̀ sì máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n tú lára aṣọ òkèèrè. Kí ẹnikẹ́ni má tijú láti tú súwẹ́tà òkìrìkà kó sì fi òwú rẹ̀ ṣe kajú. Ní Ògìdì, níbi tí wọ́n ti bí Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ, ní 1951, iṣẹ́ aró àti òfì ti pẹ́ gan-an, ewé àti ẹranko sì wà lára ohun tí wọ́n ń yà sórí àdìrẹ. Abẹ́rẹ́ kóróṣè lálejò. Wíwo ewé kí a tó ṣe aṣọ kì í ṣe àlejò.

Èló ni kí n máa ta kajú kan?

Ẹ wo aago nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ẹ bá parí, kó má jẹ́ àfojúdá. Ẹ mọ iye tí alágbàṣe ń gbà lóòjọ́ ládùúgbò yín, ẹ pín in sí wákàtí, ẹ fi owó òwú àti irin ìkọ́ kún un. Tí oníbàárà bá ní ó wọ́n, ẹ ṣe olú fún un. Òun ò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀.